Kí lẹ fi bẹ̀rẹ̀ idán káàdì? Ẹ wá sọ ìrírí yín, tèmi rèé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédé àsìkò yìí. Ẹnì kan bi mí lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn pé òun fẹ́ kọ́ idán káàdì, ìwé lòun máa kọ́kọ́ rà ni àbí fídíò, mo wá rí i pé ìdáhùn mi ò ṣeé sọ lórí ìdúró torí ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti wà nídìí nǹkan yìí, ọdún méjì àkọ́kọ́ sì rèé, ṣe ni mo fi ṣòfò.

Fídíò ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo tuntun, ti àná ò tíì wọ̀ mí lọ́wọ́ tí màá ti fò sí òmíì. Tẹ́ ẹ bá bi mí nígbà yẹn, màá ní mo mọ̀ tó ogójì idán, àmọ́ kẹ́ ẹ kó káàdì lé mi lọ́wọ́ báyìí, kò sí ẹyọ kan tí mo lè ṣe dópin láìkọ́kọ́ dúró ronú. Àwọn tó ń ṣe fídíò yẹn, wọ́n á fi idán náà hàn yín, á dùn ún wò, wọ́n á wá ní kò le rárá, ẹ kàn ṣe double lift níbí, wọ́n ti kọjá nìyẹn. Double lift, ìyẹn ni kéèyàn ṣí káàdì méjì pọ̀ kó dà bíi pé ẹyọ kan ló ṣí. Ó yá lẹ́nu! Èmi tí bí mo ṣe ń di káàdì mú gan-an ò dáa, káàdì méjèèjì á yà síra lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú ẹni tó ń wò á sì tó o. Àbúrò mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi lójú, ó ní "Bọ̀dá mi, méjì lẹ mú yẹn o." Ó dùn mí débi pé oṣù mẹ́ta ni mi ò fọwọ́ kan káàdì.

Ìwé kan ló mú mi padà, The Royal Road to Card Magic, Jean Hugard àti Frederick Braue ló kọ ọ́. Ẹ wá wo orí kìíní ìwé yẹn, káàdì pípò ni o, overhand shuffle tí gbogbo ayé ń ṣe. Inú kọ́kọ́ bí mi, mo ní ṣé nǹkan tí mo mọ̀ ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi ni. Àṣé inú pípò yẹn náà ni iṣẹ́ wà, béèyàn ṣe máa pò ó tí káàdì òkè ò ní kúrò lókè, béèyàn ṣe máa gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ tá a sì tún gbé e padà bọ̀, tí ẹni tó ń wò kò sì ní rí nǹkan kan ju pé ẹ̀ ń pò káàdì lọ. Bí orí kọ̀ọ̀kan bá sì ti kọ́ ẹ ní nǹkan tán, á fún ẹ ní idán tó o máa fi nǹkan náà ṣe, o ò ní kọ́ ọ dànù. Oṣù méjì ni mo lò lórí orí kìíní yẹn nìkan, oṣù méjì yẹn sì ṣe mí láǹfààní ju gbogbo fídíò tí mo ti ń wò bọ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́?

*

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Tèmi yàtọ̀, ìwé gan-an ló fẹ́ lé mi kúrò nídìí ẹ̀. Gbogbo àwọn ọ̀gá tí mò ń gbọ́rọ̀ wọn ni wọ́n máa ń dárúkọ The Expert at the Card Table, mo ní ó tán, tí àwọn ọ̀gá bá ń yìn ín, òun náà ni mo fẹ́. Ọdún 1902 ni ìwé yẹn jáde o. S. W. Erdnase ni orúkọ tó wà lára ẹ̀, kì í sì í ṣe orúkọ ẹ̀ gidi, títí di báyìí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó jẹ́. Ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn tó ń fi káàdì ta tẹ́tẹ́, bí wọ́n ṣe ń pín káàdì láti ìsàlẹ̀ bíi pé òkè ló ti ń wá, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òyìnbó inú ẹ̀ jinlẹ̀, ìpínrọ̀ kan lè gba èèyàn ní ìrọ̀lẹ́ odindi kan. Mo mú ohun tó pè ní shift, kéèyàn gbé ìdajì ìsàlẹ̀ wá sókè láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ṣe é, ọwọ́ ń ro mí, mi ò sì ní idán kan ṣoṣo tí mo lè fi han ìyá mi.

Ìwé ńlá ni, mo ṣì ń kà á dòní. Àmọ́ kì í ṣe ìwé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín.

Apá kìíní Card College ti Roberto Giobbi ló gbà mí là. Márùn-ún ni, èdè Jámánì ló fi kọ wọ́n kí wọ́n tó túmọ̀ wọn, ẹ má sì kó márààrún lẹ́ẹ̀kan náà o! Ti àkọ́kọ́ yẹn máa ń sọ ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan máa wà, àwòrán ẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìka ìfábẹ̀lá mi ò sí níbi tó yẹ kó wà látọjọ́ yìí, kò sì sí fídíò kan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

*

Ọ̀nà kan ò wọjà ṣá o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, oríkèé ọwọ́ mi ò gba double lift. Idán tó ń ṣe ara ẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí ìṣirò tàbí ètò káàdì ń bá èèyàn ṣe. Ìwé Karl Fulves tó ń jẹ́ Self-Working Card Tricks ni mo kà, ó jáde ní 1976, idán 72 ló wà nínú ẹ̀, ìwé tín-ínrín báyìí ni.

Ohun tí mo rí gbà níbẹ̀ ni pé, nígbà tí ọwọ́ mi ò níṣẹ́ púpọ̀, ẹnu mi àti ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́. Mo ń wo ojú èèyàn, mò ń bá wọn sọ̀rọ̀, mo mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣí káàdì. Àwọn ọmọ tó ń wo fídíò yìí, ọwọ́ wọn ni wọ́n máa ń tẹjú mọ́, òǹwòran náà á sì tẹjú mọ́ ọn. Àmọ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra o, torí àwọn kan wà nínú irú idán tó ń ṣe ara ẹ̀ yìí tí kíkà káàdì wọn pọ̀ jù. Ti káàdì 21 tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, ẹ máa tò ó sọ́nà mẹ́ta nígbà mẹ́ta kí káàdì ẹni náà tó bọ́ sí ipò kọkànlá. Kí ẹ tó tò ó lẹ́ẹ̀kẹta, ẹlòmíì ti ń wo fóònù ẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò nínú tèmi.

*

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, mi ò sì rí ẹni tó ń sọ ti wa. Ìwé á ní "ọwọ́ ọ̀tún", èmi á máa yí i sí òsì lórí, ìgbà tó bá fi máa dé ìlà kẹta ó ti dàrú mọ́ mi lójú. Fídíò ló ràn mí lọ́wọ́ ní tèmi, torí tí ẹni tó ń kọ́ni bá kọjú sí mi, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ òsì mi, bí ìgbà téèyàn ń wo dígí, ṣe ni mo kàn ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn èjìká ló máa dáa fún yín.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni ti káàdì gan-an. Èyí tó wọ́pọ̀, igun méjì péré ni nọ́ńbà máa ń wà lára ẹ̀, òkè lápá òsì àti ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Témi bá tẹ́ ẹ bí abẹ̀bẹ̀ lọ́nà tó rọ ọwọ́ mi lọ́rùn, igun tó ṣófo ni gbogbo èèyàn ń rí. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, ó tó ọdún kan kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣe èyí tí nọ́ńbà wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

*

Ha, ti igun yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí o! Ẹ ṣeun gan-an, màmá, ẹ̀yin náà ẹ ṣeun.

Mo ti dá ẹni yẹn lóhùn. Mo bi í bóyá ọlọ́wọ́ òsì ni, ó ní rárá. Mo ní kó mú apá kìíní Card College, kó fi idán méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwé Fulves kún un kó lè ní nǹkan tó máa fi han àwọn ará ilé, kó má wo fídíò kankan fún oṣù mẹ́ta àyàfi tí ìwé bá ta kókó sí i lọ́wọ́. Àná ló ya fídíò ọwọ́ ara ẹ̀ níbi tó ti ń pò káàdì, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ń gbìyànjú, àmọ́ ìka ìfábẹ̀lá ẹ̀ náà ò sí níbi tó yẹ kó wà. Mo ti ní kó padà sí ojú ìwé tí wọ́n ti kọ́ni bí wọ́n ṣe ń dì í mú.