"Àtúnṣe" kọ́ ni wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ ojú sánmà

Àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìrìnàjò ojú sánmà gbé ọ̀rọ̀ mélòó kan kalẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé èèyàn lọ sí ojú sánmà, tó padà wá, tó tún fẹ́ lọ, wọ́n ní ká máa pè é ní "ọkọ̀ àtúnlò". Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára rẹ̀ láàárín ìrìnàjò méjì, wọ́n ní "àtúnṣe" ni. Mo gba ti àkọ́kọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Ti ìkejì ni mi ò gbà, kì í sì í ṣe nítorí gírámà.

Ohun tó bàjẹ́ la máa ń tún ṣe. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń yọ lára Dragon, ọkọ̀ SpaceX, ilé iṣẹ́ aládàáni ní Amẹ́ríkà, kò bàjẹ́ rárá. Ẹ wo èyí tí wọ́n sọ ní Endeavour. Òun ló gbé Bob Behnken àti Doug Hurley lọ ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 2020, ó sì balẹ̀ sínú òkun ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 2021, ó tún gbé èèyàn mẹ́rin lọ, lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà ti gbé èrò rí. Páráṣúùtì rẹ̀ ńkọ́? Tuntun ni wọ́n ń dì sí i: méjì tó kọ́kọ́ ń ṣí láti dín eré rẹ̀ kù, àti ńlá mẹ́rin tó ń rọra gbé e sọ̀kalẹ̀. Àgbá ẹ̀yìn rẹ̀, tí pánẹ́ẹ̀lì sólà wà lára rẹ̀, kì í tilẹ̀ padà wálé. Wọ́n máa ń já a sọnù kí ọkọ̀ tó wọ inú afẹ́fẹ́ ayé. Kí la fẹ́ tún ṣe lára ohun tí kò sí mọ́? Ìrọ́pò nìyẹn.

"Asà ooru" tí wọ́n dá lábàá fún ohun tó bo ìdí ọkọ̀ náà dára, àmọ́ ó yẹ ká là á sí méjì. PICA-X, ohun tí wọ́n fi ṣe asà Dragon, máa ń jó di èédú díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wálẹ̀, jíjó yẹn gan-an ló sì ń gbé ooru kúrò. Ó ń ná ara rẹ̀ ni, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn táìlì ara Space Shuttle, ọkọ̀ àtúnlò NASA tó fò kẹ́yìn ní 2011, kì í jó ní tiwọn. Wọ́n lé ní 20,000 lára ọkọ̀ kan, wọ́n sì ní láti yẹ̀ wọ́n wò nígbà náà, kí wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ gún kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí omi ráyè wọlé sí wọn nínú, torí pé ooru ìpadàbọ̀ ti jó ti tẹ́lẹ̀ dànù. Wọ́n ti rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo iṣẹ́ ara Shuttle máa gbà láàárín ìrìnàjò méjì. Èyí tó yá jù lọ, ti Shuttle tí wọ́n sọ ní Atlantis lọ́dún 1985, ọjọ́ 54 ló wà láàárín ìgbà tó gbéra àti ìgbà tó tún gbéra. Nítorí náà, "asà ajóná" fún ti Dragon, "asà aláìjó" fún ti Shuttle.

Ohun tuntun pàápàá kì í kọjá láìdán an wò. Ní oṣù Karùn-ún 2022, egungun asà tuntun kan tí wọ́n fẹ́ lò fún ìrìnàjò Dragon tí wọ́n pè ní Crew-5 kùnà nínú ìdánwò, òmíràn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kò tíì fò rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ò sọ pé "àtúnṣe" kò ní àyè tirẹ̀ o. Lẹ́yìn ìrìnàjò Inspiration4, ní oṣù Kẹsàn-án 2021, wọ́n ṣí ilẹ̀ Resilience, Dragon mìíràn, wọ́n sì rí i pé ọ̀pá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ti já, ìtọ̀ sì ti fọ́n ká lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n yọ́ kámẹ́rà sábẹ́ ilẹ̀ Endeavour tó wà ní ibùdó àgbáyé lójú sánmà (ISS) nígbà náà. Ohun kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n rẹ irin alumíníọ̀mù sínú ìtọ̀ tí wọ́n po kẹ́míkà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà mọ́, láti mọ̀ bóyá ó máa jẹ ẹ́. Ní ti ọkọ̀ tó kàn, wọ́n jó ọ̀pá náà pọ̀ ni, wọn ò lo gọ́ọ̀mù mọ́. Àtúnṣe gidi nìyẹn. Àmọ́ bí wọn ò bá ṣí ilẹ̀ náà, ta ni ì bá mọ̀? Títú wò ló ṣáájú.

Àwọn kan á ní ká kúkú pe gbogbo rẹ̀ ní "àyẹ̀wò". Ìyẹn náà kò tó. Dragon tó lọ sí ibùdó àgbáyé láìgbé èèyàn ní oṣù Kẹta 2019 bú gbàmù ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ́ńjìnnì àsálà rẹ̀, èyí tó ń gbé ọkọ̀ sá fún ewu, wò. Nitrogen tetroxide, kẹ́míkà tó ń mú epo ẹ́ńjìnnì náà jó, ló ti jò gba inú fáàfù kan wọ ọ̀pá helium, gáàsì tó ń ti epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n tú helium sílẹ̀ pẹ̀lú agbára, ó ta kẹ́míkà náà mọ́ fáàfù títáníọ̀mù, iná sì sọ. Wọn ò tún fáàfù náà ṣe. Awo pẹlẹbẹ tó dí ọ̀nà pátápátá, tó jẹ́ pé agbára helium nìkan ló lè bẹ́ ẹ, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni irú awo bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó dùn mọ́ mi pé ohun aláìṣeétúnlò ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ àtúnlò kí èèyàn lè wọ̀ ọ́ láìfòyà.

Èyí tí mo fara mọ́ ni "àtúnpèsèsílẹ̀". Títú wò, ìrọ́pò, àtúnṣe àti ìdánwò á wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gùn, mo mọ̀. Bí a bá gé e sí "àtúnpèsè", àwọn èèyàn á rò pé oúnjẹ àti ẹrù tí wọ́n ń kó lọ sí ibùdó náà là ń sọ, torí náà ẹ má ṣe yọ "sílẹ̀" kúrò.

Ó ku "ọjọ́ orí ọkọ̀". Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nù. Ìrìnàjò márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún Dragon kọ̀ọ̀kan, Endeavour sì lọ ìkẹfà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 2025. Ìrìnàjò ni wọ́n ń kà, wọn ò ka ọdún. "Iye ìlò" ló bá a mu.