Ìdínà kọ́, agbóhùnmì ni

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ìjíròrò èdè wa, mo kí yín o. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí bàbá wa, olùkọ́ àgbà tó fẹ̀yìn tì sí Oǹdó, fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ká yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ iná ilé-iṣẹ́ ńlá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí kì í ṣe gbogbo olùkọ́ èdè ló ń rántí pé àwa tí gírísì ń pa lọ́wọ́ náà ń sọ Yorùbá. Márùn-ún péré nínú ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn: fieldbus, tí wọ́n pè ní ‘bọ́ọ̀sì pápá’, signal, ‘àmì’, reflection, ‘ìtànpadà’, terminator, ohun kékeré tí wọ́n ń fi sí ìkángun wáyà, ‘ìdínà’, àti fault, ‘àìsàn’. Ìdínà yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Bí mo bá pẹ́ níbẹ̀ jù, ẹ má bínú.

Kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń bọ̀: iṣẹ́ mi ni títọ́jú wáyà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ kòkó ní Àkúrẹ́ níbí. Kẹ́nikẹ́ni má bi mí léèrè ilé-iṣẹ́ wo ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀sì pápá kúrò lójú ọ̀nà. Èdè Látìn, omnibus, ni àwọn Òyìnbó ti gé ‘bus’ jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ‘fún gbogbo ènìyàn’. Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà nítorí pé tọlọ́jà tàlejò ló ń wọ̀ ọ́. Àwọn oníṣẹ́ iná wá yá a lò nítorí pé wáyà kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ púpọ̀ jọ ń lò. Ìjọlò ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí táyà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ọmọ Àkúrẹ́ lọ wo bọ́ọ̀sì pápá, Ìlẹ́sà Garage ló máa gbà lọ. Wáyà àjọlò ni kí ẹ pè é. Lórí irú èyí tí wọ́n ń pè ní RS-485, ẹ̀rọ 32 lè jọ wà lórí ìpín wáyà kan, kí olúkúlùkù wọn máa sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kàn án, bí ìpàdé àwọn àgbà. Ìyà àjọlò náà kò sì jìnnà: bí ọ̀nà bá bàjẹ́ lọ́dọ̀ ẹnìkan, gbogbo ilé ló máa gbọ́.

Àmì kò burú, ṣùgbọ́n ẹrù tó rù ti pọ̀ jù. Àmì ohùn wà lórí fáwẹ́lì, àmì ẹ̀yẹ wà, àmì ojú títì wà. Àrokò ni èmi fara mọ́, kì í sì í ṣe torí pé ó dùn létí. Àwọn baba wa a máa so owó ẹyọ 2 pọ̀ ránṣẹ́. Bí wọ́n bá dojú kọ ara, ìfẹ́ ni; bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò wí nǹkan kan. Bí méjèèjì ṣe wà síra ni ọ̀rọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni RS-485 rí. Wáyà 2 ló lọ́ mọ́ra, A àti B, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ kì í sì í ka iye fólítì orí A nìkan tàbí orí B nìkan. Ìyàtọ̀ àárín wọn ló ń kà: bí B bá ga ju A lọ, 1 ni, bí A bá ga ju B lọ, 0 ni. Ìdí nìyẹn tí ariwo mọ́tò ńlá fi ṣòroó bà á jẹ́. Ariwo tó bá já lu wáyà méjèèjì pọ̀ á gbé wọn sókè pọ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn kò ní yí padà. Bí ẹ bá ri owó ẹyọ méjèèjì sínú omi, wọ́n ṣì dojú kọ ara wọn síbẹ̀.

Lórí PROFIBUS, irú wáyà àjọlò kan tó ń lo RS-485, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1987, wáyà aláwọ̀ ewé ni A, pupa ni B, inú ike elésè àlùkò ni wọ́n sì wà. Bí ọmọṣẹ́ bá fi ewé sójú pupa, ìfẹ́ ti di ìjà nìyẹn: gbogbo 1 di 0, ẹ̀rọ náà á dákẹ́ bí ẹni pé wọn ò rà á rí. Ọmọ tó ti gbọ́ nípa àrokò kò ní bi mí léèrè ìdí.

Ìtànpadà ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ ní í tàn. Bí mo bá sọ ìtànpadà fún ọmọṣẹ́, ojú rẹ̀ á máa wá gílóòbù kiri. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí wáyà, ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí á ti gbọ́ ọ. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, a gun àtẹ̀gùn 660 yẹn (àwọn kan nínú wa sunkún lójú ọ̀nà, mi ò ní dárúkọ wọn), ọ̀rẹ́ mi kan kọjú sí àpáta, ó pariwo orúkọ mi, àpáta sì pè mí lẹ́ẹ̀kejì. Gbohùngbohùn. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí iná ọba tó dé. Kí la tún ń rọ òmíràn fún?

Ohun tó ń lọ nínú wáyà ń sáré tó nǹkan bíi 20 sẹ́ńtímítà láàárín nanosecond kan (ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá). Bó bá dé ìkángun tí kò rí ẹni gbà á, ó di dandan kó padà. Bíìtì ni wọ́n ń pe 1 tàbí 0 kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ bá ń sọ̀rọ̀ ní 12 Mbit/s, ìyẹn mílíọ̀nù bíìtì 12 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìpín wáyà kan kò gbọdọ̀ ju 100 mítà lọ. Àlọ àti àbọ̀ ohùn lórí 100 mítà náà á sì gba àkókò tí bíìtì 12 fi ń kọjá. Ẹ̀rọ á ti wà lórí bíìtì kẹtàlá nígbà tí èkíní máa padà wá bá a jà. Ṣùgbọ́n ní 9.6 kbit/s, ìyẹn bíìtì 9,600 péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá, bíìtì kan ṣoṣo gùn tó nǹkan bí ìlọ́po 100 àlọ àti àbọ̀ yẹn. Gbohùngbohùn á ti kú tán kí wọ́n tó ka bíìtì náà. Òun ló fà á tí ẹnìkan á fi máa leri pé ọdún 3 rèé tí òun kò fi nǹkan kan sí ìdí wáyà òun, tó sì ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ torí pé ó ń rọra rìn ni o.

Gbohùngbohùn tún ní àǹfààní tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Wáyà tó já máa ń dá ohùn padà bí wọ́n ṣe rán an: èyí tó dojú kọ ara á padà ní dídojú kọ ara. Wáyà tí méjèèjì kan ara máa ń dá a padà ní ìkẹ̀yìnsíra. Ẹ̀rọ kan wà tó ń pariwo ẹyọ kan sínú wáyà, tó sì ń ṣọ́ ìgbà tó máa padà. Bí ó bá lo 400 nanosecond, ẹ yáa gbé àkàbà yín lọ sí nǹkan bí 40 mítà, ibẹ̀ ni àléébù wà. Ọmọ tó ti pàtẹ́wọ́ níwájú àpáta rí mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn kí ẹ tó ṣàlàyé.

Ó wá kan ìdínà.

Bàbá wa, ẹ forí jì mí. Àpáta Ìdànrè gan-an ni ìdínà. Ohun tó dínà ló ń dá ohùn padà! Terminator kò dí nǹkan kan. Rẹsísítọ̀ ni, tí wọ́n fi so wáyà méjèèjì pọ̀ ní ìkángun kìíní àti ìkángun kejì, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti wáyà náà mu, kí ohùn tó bá dé ibẹ̀ lè rò pé ọ̀nà ṣì ń lọ. Á wọlé, á di ooru díẹ̀, ó parí síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ yín ṣe fún wa níbi iṣẹ́. Ní ọwọ́ alẹ́, ẹ̀rọ 4 ṣàdédé sọnù lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n dé, wọ́n tún lọ. Ọmọṣẹ́ mi, tó ti ka àkójọ yín lórí fóònù mi, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó dínà. Ó tú jóńkíṣọ̀n, kò rí nǹkan kan. Ó wá rántí pé ìdínà kan wà ní ìkángun, ó lọ yí súwíìṣì rẹ̀ sí OFF kí ọ̀nà lè ṣí. Ẹ̀rọ 4 di 9.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Rẹsísítọ̀ ìkángun PROFIBUS kì í dá nìkan ṣiṣẹ́: 220 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn rẹsísítọ̀) wà láàárín A àti B, 390 ohm kan so B mọ́ fólítì 5, 390 ohm kejì so A mọ́ òdo. Inú ẹ̀rọ tó gbẹ̀yìn ni fólítì 5 yẹn ti ń wá. Àwọn oníṣẹ́ alẹ́ kò nílò ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ń pa á kí iná má baà jó lásán. Bí wọ́n ṣe pa á ni gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ náà padà, mo yí súwíìṣì sí ON, gbogbo wọn dáhùn. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ọmọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, ẹni tó ń gbé ohùn mì ló sùn lọ!”

Gbólóhùn rẹ̀ yẹn ni mo fi rọ tèmi: agbóhùnmì.

Àǹtí kan tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní Ọbá-Ilé ti bá mi jà lórí rẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ‘gbọ́ ohùn’ náà máa ń di gbóhùn, pé àwọn kan á kà á sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí ọ̀rọ̀ náà: mì ló gbẹ̀yìn, ta ló sì ń gbọ́ nǹkan mì? Gbé ló bá mì rìn. Gbé ọmọ di gbọ́mọ, gbé ohùn náà á di gbóhùn. Kí ẹ má sì ṣì í mú fún agbohùnsílẹ̀, tó jẹ́ pé gbà ló wà níbẹ̀, tí kò lámì òkè. Àmì òkè kan ló yà wọ́n: ọ̀kan ń gba ohùn pa mọ́, èkejì ń gbé e mì ráúráú. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ náà gùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ńkọ́? Ẹni tó sọ rédíò lórúkọ yẹn kò tú inú rẹ̀ wò, ohun tó ń ṣe ló wò.

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ bàbá wa ní ibi tó ti bá a mu. Púpọ̀ nínú kọ́nẹ́tọ̀ PROFIBUS, bí ẹ bá yí súwíìṣì rẹ̀ sí ON láàárín ọ̀nà, á gé wáyà tó ń jáde lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì dákẹ́. Ìdínà pátápátá nìyẹn. Ṣùgbọ́n àṣìlò ni, a kì í sì í fi ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ lè dá sọ ọ́ lórúkọ.

Àìsàn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò sọ ibi tó ń dun aláìsàn ni. Àwọn rẹ́wáyà Òkè-Àró ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn: wáyà ti já, wáyà ti bríìjì, ìyẹn méjèèjì ti kan ara, wáyà ń páṣà, ìyẹn èyí tó ń kan tó tún ń ṣí. Mẹ́ta yìí dára ju àìsàn kan ṣoṣo lọ, torí pé mítà tí a fi ń wọn iná lè dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní náà ní wáyà àjọlò tirẹ̀, CAN, tí ilé-iṣẹ́ Bosch gbé jáde ní 1986. Rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ á yọ orí bátìrì, á fi mítà sáàárín wáyà méjèèjì. 60 ohm? Agbóhùnmì 2 pé, torí 120 ohm ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí méjì bá sì jọ wà láàárín wáyà méjèèjì, ìwọ̀n wọn á di ìdajì. 120? Ọ̀kan ti lọ. 40? Ẹnìkan ti lọ fi ẹ̀kẹta kún un. Òdo? Ó ti bríìjì.

Bàbá wa, ẹ lè kọ̀ láti gba àrokò mi, mo ṣe tán láti jà lé e. Ẹ tilẹ̀ lè fi àìsàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ọjọ́ Ajé ni kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fagi lé ìdínà kí àwọn ọmọ tó dà á kọ.