WarGames: ṣé òfin 1987 ló yẹ kí wọ́n dá padà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà ìjàkadì, ẹ jọ̀ọ́, yàtọ̀ sí òrùlé, kí ni WWE, iléeṣẹ́ ìjàkadì Amẹ́ríkà, yọ nínú WarGames (ìjà ẹgbẹ́ méjì inú kéèjì) tí oníjàkadì Dusty Rhodes gbé kalẹ̀ ní 1987?

Èsì 1: Òfin bí ìjà ṣe ń parí ni. Ríngì méjì inú kéèjì irin kan ṣì wà. Láyé Dusty, ẹni méjì á jà fún ìṣẹ́jú 5, ẹgbẹ́ tó bá borí nínú jíju owó ẹyọ á rán ẹnì kan wọlé, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 ẹgbẹ́ kejì á rán tiwọn, wọn á máa gbà á bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ márùn-ún sí márùn-ún, ìṣẹ́jú 19 ni gbogbo wọn tó pé. Ìgbà yẹn ni èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ lè juwọ́ sílẹ̀ kí ìjà parí. Kò sí kí rẹfirí ka mẹ́ta lórí ẹni tí wọ́n tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá. WCW, iléeṣẹ́ ìjàkadì mìíràn, ti lo kíka mẹ́ta ní 1998, NXT, ẹ̀ka WWE, náà sì lò ó ní 2017.

Èsì 2: Ẹ dá òfin padà, àmọ́ òrùlé ìgbà yẹn rẹlẹ̀ jù. Ní WrestleWar 1991, Sid Vicious gbé Brian Pillman sókè fún powerbomb (kí ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀), ẹsẹ̀ Pillman gbá òrùlé, ọrùn ló fi balẹ̀.

Èsì 3: Blood and Guts, irú ìjà yìí tí AEW, iléeṣẹ́ tó ń bá WWE díje, ṣe ní 2021, ní òrùlé, ìjuwọ́sílẹ̀ ló sì parí rẹ̀.