Ta ni àtọ̀sí ti ṣe rí? Ẹ wá sọ tẹnu yín

Ìyá Rẹ̀mí: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ àrùn ìbálòpọ̀ kó tó padà síléèwé, àmọ́ gbogbo ohun tí ìyá tèmi bá mi sọ kò ju "o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kàn ọ́" lọ. Ẹni tó bá ti ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wù yín kí wọ́n ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀?

Ọmọ Mushin: Àtọ̀sí, 2009. Ọjọ́ kẹrin tí mo ti òde ìnáwó kan dé ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ata. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyún ti gbẹ mọ́ pátá mi lára. Mo yọ́ lọ sí kẹ́míìsì, ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ ka kápúsù pupa òun yẹ́lò sínú bébà fún mi. Ó lọ, mo dúpẹ́. Oṣù kejì ló padà. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti yẹ ìtọ̀ mi wò, tí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n mú obìnrin tí mò ń fẹ́ wá. Mo ní ó ti rìnrìn àjò. Irọ́ ni. Ó ń jẹ, ó ń mu, kò sí ohun tó ń dùn ún, mo wá rò pé kò kàn án. A ṣègbéyàwó, ọdún mẹ́rin la fi wá ọmọ. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, ojú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà ti dí, méjèèjì.

Èrò Ọjà: Háà.

Màmá Bọ́lá: Ọdún mẹ́rin! Ẹ̀gbọ́n, ta ni wọ́n ń pè lágàn nínú ọdún mẹ́rin yẹn? Ta ló ń mu àgbo, ta ló ń gun òkè àdúrà? Ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ Mushin: Òun ni, ìyá. Èmi ni mo sì ń bá a gbé àgbo náà kaná.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ rọra fún un, ó ṣe tán ó sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní àtọ̀sí kì í rí àmì kankan. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ní kí tọkọtaya jọ gba oògùn, kí wọ́n má sì bára wọn sùn fún ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹlẹ́kọ: Tọ́ílẹ̀ẹ̀tì họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo ti kó tèmi o.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Àbúrò mi, kòkòrò àtọ̀sí kì í pẹ́ kú tó bá ti kúrò lára èèyàn. Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?

Ẹlẹ́kọ: Abẹ́ ń yún mi, nǹkan funfun sì ń jáde bí wàrà tó dì.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ó jọ káńdídà, irú ẹbu kan. Ó ti máa ń wà lára wa tẹ́lẹ̀, oyún, ìtọ̀ ṣúgà tàbí oògùn apakòkòrò tá a lò ló máa ń jẹ́ kó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lọ ṣàyẹ̀wò, mi ò lè rí i láti ibí. Ọ̀rọ̀ "toilet infection" yìí ti ṣe wá léṣe. Ọkọ á kó àrùn wálé, ìyàwó á máa da Izal sí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì.

Ọmọ Eléwé Ọmọ: Bàbá mi ń se àgbo àtọ̀sí, àwọn èèyàn sì ń dúpẹ́. Ẹ̀yin elétò ìlera ò kàn fẹ́ gbà ni.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Mi ò bú bàbá yín. Àmì lè lọ kí àrùn má lọ. Ṣé wọ́n ń ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn tí wọ́n bá mu ún tán?

Ọmọ Eléwé Ọmọ: Wọn ò padà wá. Ìyẹn ni pé ó jẹ́.

Màmá Bọ́lá: Tàbí kí wọ́n ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Arẹwà: Rọ́bà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dẹ́rẹ́bà: Èyí tó ti wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì látọdún tó kọjá ńkọ́? Tèmi ya. Ooru àti ìjókòó lé e lórí ti bà á jẹ́. Ẹ máa wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Tèmi ò dun mí rárá, òun ló burú níbẹ̀. Egbò kan ṣoṣo lábẹ́, ó san fúnra rẹ̀, mo gbàgbé. Ìgbà tí mo lóyún tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n rí sífílísì. Ó lè pa ọmọ nínú. Abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ní ìdí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ro mí débi pé mi ò lè jókòó nínú bọ́ọ̀sì. Ọkọ mi náà gbà á. Àwọn ọmọ náà ń jà lórí rìmóótù báyìí.

Tísà Ṣàgámù: Ìyá Rẹ̀mí, ṣé Rẹ̀mí ní àbúrò obìnrin? Láti October 2023 ni wọ́n ti ń gún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lábẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́ láti dènà HPV, kòkòrò kan tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò yẹn ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ó pa àǹtí mi.

Ìyá Rẹ̀mí: Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọmọ ọdún 11 kan wà nílé, màá mú un lọ. Rẹ̀mí jókòó tì mí, ó ń kà á bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Ó ní kí n bi Ìyá Ìbejì báwo ni egbò náà ṣe tóbi tó.

Ìyá Ìbejì: Kò ju ẹ̀wà kan lọ, ọmọ mi. Etí rẹ̀ le. Mo rò pé irun ló kọ ojú sínú.