Bàálù onígi àtijọ́ nínú ọyẹ́ Àbújá

Ọmọ Ìlọrin, Kubwa: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester fẹ́ bá mi ra páálí KeilKraft àti Strombecker, àwọn bàálù onígi kéékèèké àtijọ́ tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ọyẹ́ sì ti fẹ́ dé. Kí ni kó yẹ̀ wò kó tó sanwó? Báwo ni n ó ṣe tọ́jú wọn bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi?

Bàbá Káfíńtà, Nyanya: Àbúrò, o káre. KeilKraft, ti Gẹ̀ẹ́sì ni: egungun balsa, igi kan tó fúyẹ́ gan-an, tí wọ́n ń fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Moline ní Illinois ni Strombecker ti wá, igi tó kún inú ni tirẹ̀, wọ́n ti gé e sí ìrísí kó tó wọ páálí.

Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó fi àwòrán ojú páálí sílẹ̀ ná. Kó ní kí ẹni tó ń tà á tẹ́ pílánù rẹ̀, ìwé àwòrán tí a fi ń kàn án, sílẹ̀, kó to igi rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Páálí tí pílánù rẹ̀ bá pé, bí igi rẹ̀ tilẹ̀ dín, kó rà á. A lè gé igi mìíràn. Ta ló fẹ́ fojú inú ya pílánù tó ti sọnù? Nínú ọ̀pọ̀ páálí ayé ìgbà náà, ìlà lásán ni wọ́n tẹ̀ sórí balsa, ẹni tó rà á ni yóò fi abẹ gé e. Bí ẹlòmíì bá ti gé díẹ̀ níbẹ̀, kí owó rẹ̀ wálẹ̀ ni.

Bó bá sì bá igi páínì níbi tó ti ń retí balsa, kó má pè é ní ayédèrú. Ecuador ni balsa ti ń wá jù, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì àwọn ológun ló ń kó o, wọ́n fi ń ṣe bàálù ogun Mosquito àti ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà. Àwọn tó ń ṣe páálí wá ń lo igi tí wọ́n bá rí. Ní 1942, Ọmọ Ogun Ojú Omi Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ iléèwé gbẹ́ bàálù 500,000 ní ìwọ̀n 1/72, ìyẹn ìdá kan nínú méjìléláàádọ́rin ti bàálù gidi, kí àwọn ọmọ ogun lè fi kọ́ bí a ṣe ń dá bàálù ọ̀tá mọ̀ lókèèrè. Dúdú ni wọ́n kùn wọ́n. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á lówó pọ́ọ́kú, ẹ fara balẹ̀ wò ó dáadáa.

Bí páálí bá dé, rọ́bà àti túùbù gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ yọ. Wọ́n máa ń yọ́, wọn á ba pílánù jẹ́. Lẹ́yìn náà, má tú igi síta nínú ọyẹ́. Ọ̀rinrin ìlú òyìnbó ṣì wà lára rẹ̀. Bó bá gbẹ lójijì, á ká, á sì là. Gbé e sínú ike onídèérí, kó o máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó ń bá bàtà tuntun wá, ìgbà òjò ló wúlò fún. Yọ ọ́ nígbà ọyẹ́. Bàálù tí wọ́n sì fi bébà bò nígbà òjò, ọyẹ́ á fà á, apá rẹ̀ á lọ́.

Èyí tó ká mi lára jù: jọ̀ọ́, má gé igi àtijọ́ náà rárá. Gbé òun àti pílánù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ńlá tẹ pílánù ilé, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Fi rúlà wọ̀n ọ́n kó o tó kúrò níbẹ̀, torí ẹ̀rọ máa ń sún un kì. Ẹ̀dà yẹn ni kó o lẹ̀ mọ́ arère, kó o gé e. Arère wúwo ju balsa lọ, ṣùgbọ́n ó rọ̀ lábẹ́ abẹ, àwọn tó ń kan bàálù ní Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń lò ó. Lọ bá àwọn káfíńtà Kugbo, bèèrè àjẹkù tó ti gbẹ dáadáa, kí wọ́n fá a tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọ. Ibẹ̀ náà ni wàá ti rí sanding sealer tí wọ́n ń fi dí ojú igi kó tó di pé wọ́n kùn ún, àti tínà. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ má di irú rẹ̀ sínú àpótí ìrìnàjò, ó ń gbiná.

Ará Sabon Gari, Kánò: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Bó o bá rí ihò róbótó kéékèèké àti ìyẹ̀fun lára igi, kòkòrò wà nínú rẹ̀. Fi nylon wé e pinpin, kó o gbé e sínú fìrísà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iná gbọ́dọ̀ dúró o, ilé ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ló dára jù. Bó o bá yọ ọ́, má tú nylon náà títí di ọjọ́ kejì, kí omi má baà bò ó.

DH.9A ti Gẹ̀ẹ́sì tó balẹ̀ sí Kánò níbí ní 1925 wà lára àwọn ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ tó balẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní pílánù rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ gbẹ́ ẹ.

Ọmọ Ìlọrin, Kubwa: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Sítíkà inú páálí, èyí tí wọ́n ń rẹ sómi kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàálù, tó bá ti pọ́n ńkọ́?

Bàbá Káfíńtà, Nyanya: Fi í sínú nylon tó mọ́ gaara, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé, á funfun padà. Fín fáníìṣì tí kò láwọ̀ sí i kó tó kan omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti rí fọ́tò pílánù gbà, gbé e síbí ká bá a wò ó kó tó sanwó.