Alágbàṣe tí wọ́n pa lóko: ta ni yóò béèrè fáìlì rẹ̀?

Ọmọ Ìjùmú:
Okun o, ẹ̀yin ará wa. Ní àsìkò kajú tó kọjá, a bá òkú ọkùnrin kan létí odò tó wà lẹ́yìn oko wa. Ọmọ Ìgedè láti ìpínlẹ̀ Bẹ́núè ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn àgbẹ̀ wa kọ ebè. Ọgbẹ́ àdá wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, owó iṣẹ́ tó gbà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kò sì sí lápò rẹ̀ mọ́. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n fi fóònù ya fọ́tò, wọ́n di ẹ̀wù rẹ̀ àti àdá kan sínú ọ̀rá, wọ́n sì ní kí baálẹ̀ wá owó epo. Kò sí dókítà tó yẹ òkú náà wò tí a fi sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láti ìgbà náà, “ìwádìí ń lọ” ni èsì tí à ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún yìí kan náà ni wọ́n pa ọ̀gá ìjọba kan tó ti fẹ̀yìn tì nítòsí wa, ọ̀sẹ̀ náà kò sì parí tí wọ́n fi kó àwọn afurasí lọ sí Lọ́kọ́ja. Ìyàwó alágbàṣe yìí máa ń pè mí láti Bẹ́núè. Èmi kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ǹjẹ́ mo lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, ta sì ni kí n kọ̀wé sí?

Agbẹjọ́rò Kàbà:
O lẹ́tọ̀ọ́, àbúrò mi. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ọ̀ràn tó ẹ̀ka ọlọ́pàá létí, abala 221 tó dá lórí ìpànìyàn nínú Penal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí à ń lò lápá ọ̀dọ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, kò sì ya ẹ̀mí alágbàṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀gá. Ọ̀ràn ìpànìyàn kì í sì í di àtijọ́ lójú òfin.

Ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí fáìlì náà dúró sí, nítorí pé àgọ́ ọlọ́pàá kékeré kì í sábà parí ẹjọ́ ìpànìyàn: wọ́n máa ń gbé e lọ sí ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn ní olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, kó tó ti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́, tí wọn yóò pinnu bóyá ẹ̀rí tó láti gbé e dé ilé ẹjọ́ gíga. Kọ̀wé sí kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá. Kọ ọjọ́, ibi, orúkọ olóògbé àti gbogbo ohun tí wọ́n kó níbẹ̀, kí o béèrè nọ́ńbà fáìlì àti orúkọ ọlọ́pàá tó wà nídìí ìwádìí, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tìrẹ. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, wọ́n lè ní àwọn kò rí lẹ́tà kankan gbà. Fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí kọmíṣọ́nà fún ètò ìdájọ́, ẹni tí abala 211 ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún lágbára láti gbé ọ̀daràn lọ sílé ẹjọ́. Àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀ náà ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́.

Má ṣe dárúkọ afurasí kankan níbí o.

Ọlọ́pàá Fẹ̀yìntì:
Mo ti ṣiṣẹ́ yìí rí, n kò sì ní gbè sẹ́yìn ẹni tó béèrè owó epo. Ṣùgbọ́n ta ni nínú ìlú yín ló lọ kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀? Ẹni tó san owó fún un, ìyá tó ń ta ọtí níbi tó ti jókòó lálẹ́, àwọn tí wọ́n jọ ń sùn sí ahéré, gbogbo wọn ló mọ nǹkan, gbogbo wọn ló sì ń bẹ̀rù kí a má baà tì wọ́n mọ́lé. Ìbẹ̀rù náà nídìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ti ka mímú ẹnìkan dípò afurasí léèwọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe é, ẹ lọ pọ̀, kí agbẹjọ́rò sì tẹ̀ lé yín.

Tètè béèrè àdá àti ẹ̀wù náà. Aṣọ tó ní ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ọ̀rá bí ó bá tutù. Ó yẹ kí a sá a gbẹ, kí a sì dì í sínú bébà.

Ọmọ Yàgbà, London:
Òótọ́ ni bàbá sọ nípa aṣọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1993 ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun gún Stephen Lawrence, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ẹni ọdún 18, pa nítòsí ibùdókọ̀ ní Eltham níhìn-ín. Àwọn ará àdúgbò tètè dárúkọ àwọn afurasí, síbẹ̀ ọlọ́pàá fi falẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kò dákẹ́, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Macpherson, tí ìròyìn wọn ti ọdún 1999 sọ pé ìkórìíra ẹ̀yà ti wọ inú ọ̀nà tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá London fi ń ṣiṣẹ́. Ọdún 2012 ni wọ́n tó dá méjì lẹ́bi. Lára ẹ̀rí tó mú wọn ni ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré kan lára jákẹ́ẹ̀tì tí ọlọ́pàá ti gbà láti ọdún 1993.

Ìyá Ẹkìnrìn:
Ẹ má jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé tálákà nìkan ló ń jìyà èyí. Bọ́lá Ìgè ni agbẹjọ́rò àgbà orílẹ̀-èdè yìí nígbà tí wọ́n pa á nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2001. Ta ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi?

Ọmọ Ìjùmú:
Kò sí, Mà. Ṣùgbọ́n títí di òní ni wọ́n ń béèrè ẹni tó pa Ìgè. Orúkọ iṣẹ́ lásán ni àwa ń pe ọkùnrin yìí. Ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ó fẹ́ kọ lẹ́tà tí yóò fún mi láṣẹ láti máa béèrè, àmọ́ kò mọ̀wé, ìka ni yóò tẹ̀ ẹ́. Ṣé wọn yóò gbà á?

Agbẹjọ́rò Kàbà:
Wọn yóò gbà á, bí ẹni tó kọ ọ́ bá kà á fún un ní èdè Ìgedè, tó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sísàlẹ̀ pé òun túmọ̀ rẹ̀, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka. Mú un wá sí ọ́fíìsì mi kí o tó lọ sí Lọ́kọ́ja.