"Ìtúnṣọ̀ṣọ́" kọ́ ni à ń ṣe fún ẹsẹ̀ ọ̀kadà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ká máa pe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹsẹ̀ iwájú ọ̀kadà (ọ̀pá méjì tó di táyà iwájú mú) tó ti ṣá bọ̀ sípò ní "ìtúnṣọ̀ṣọ́". Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, àmọ́ ìyàwó là ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ọ̀kadà mi lọ bá mẹkáníìkì kan ní Gàá Àkànbí, ní Ìlọrin, mo jókòó tì í, mo ń gbọ́ bó ṣe ń pe nǹkan. Kò tilẹ̀ sí "ẹsẹ̀" lẹ́nu rẹ̀ rárá. "Ṣọ́ọ̀kì iwájú" ló ń pe gbogbo ẹ̀. Ti òkè ni "páìpù", ti ìsàlẹ̀ tí páìpù ń wọ̀ ni "ilé ṣọ́ọ̀kì".

Álúmíníọ́mù dídà ni ilé yẹn, bíi ti ìkòkò àsè. Ọ̀dà tí kò láwọ̀ ni wọ́n fi bo tèmi nígbà tó wà ní tuntun. Òjò àti oòrùn ti jẹ ẹ́, ọ̀dà ń ṣí bí alángbá tó ń bọ́ awọ, abẹ́ rẹ̀ sì funfun. Irin ló ń dógùn-ún, kì í ṣe álúmíníọ́mù. Ọ̀gá mẹkáníìkì náà ní èyí ti "hu ẹfun". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ó fi oògùn bó ọ̀dà náà, ó wá ń fi pépà olómi (pépà ṣákiṣàki tí wọ́n fi ń ha nǹkan) ra á: 400, 800, 1200. (Nọ́ńbà ń ga, pépà ń kúnná, ó máa ń da àwọn ọmọṣẹ́ láàmú.) Brasso, oògùn tí wọ́n fi ń mú irin dán, ló fi parí ẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ti wà ní Ìlọrin kí ọ̀kadà tó dé: àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà máa ń lọ òkúta pupa títí á fi dán. Fún èyí, "ìradán" ni mo dábàá. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbọ́ "rà" ti ọjà nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di "ìhadán", mi ò ní jà.

Ti páìpù ni ọ̀rọ̀ wà. Irin ni, kúróòmù, irin líle tó ń dán, ló bò ó. Ọ̀gá fi èékánná fà á láti òkè wá sísàlẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Níbì kan, èékánná kọ́. Ihò ibẹ̀ ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, àmọ́ òun ló ń gé síìlì, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró, tí ọ́ìlì fi ń jò. Ó sọ fún mi pé, "Ọ̀gá mi, Brasso ò kan ibí yìí o." Àfi kí wọ́n bó kúróòmù àtijọ́, kí wọ́n lọ irin náà kó jọra, kí wọ́n tún fi òmíràn bò ó, tàbí kéèyàn wá páìpù tòkunbọ̀. Ẹ rí i pé ẹwà kọ́ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fi kúróòmù síbẹ̀? "Bò" sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́: wúrà ni wọ́n fi bo àpótí ẹ̀rí nínú Ẹ́kísódù 25. "Ìtúnbò" ló tọ́ sí páìpù, kì í ṣe ìtúnṣọ̀ṣọ́.

Èmi ra tòkunbọ̀. Owó ò kù fún ilé ṣọ́ọ̀kì apá ọ̀tún, ó ṣì hu ẹfun báyìí. Tí ẹ bá fẹ́ fi "ìtúnṣọ̀ṣọ́" sílẹ̀ fún àwọn tó ń lẹ sítíkà mọ́ táńkì, mo fara mọ́ ọn.